Káàdì Àwìn Tí A Ti San Tán: Ṣé Kí A Tì Í Pa Ni, Tàbí Kí A Fi Í Sílẹ̀?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Arábìnrin kan ni ó gbé e ka iwájú wa, ó sì ti fún wa láyè láti sọ ọ́ ní gbangba bí a kò bá ti dárúkọ òun. Nọ́ọ̀sì ni arábìnrin náà ní ìlú Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi san gbèsè tí ó jẹ lórí káàdì mẹ́rin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán, títí gbèsè náà fi tán pátápátá. Ní ọjọ́ tí ó san èyí tí ó kẹ́yìn, ó kó káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sórí tábìlì, ó mú àlùmọ́gàjí, ó ní òun yóò gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òun yóò sì kọ̀wé sí àwọn báńkì kí wọ́n ti gbogbo wọn pa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ má ṣe é o. Bí ẹ bá ti káàdì wọ̀nyí pa, máàkì yín yóò wálẹ̀, báńkì kò sì ní fẹ́ yá yín lówó láti ra ilé.” Ẹnu ya ìyá yìí. Ó wá sọ́dọ̀ wa, ó ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí? Ṣé wọ́n ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó san gbèsè tán ni?”

Káàdì tí a ń wí ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní credit card. Káàdì àwìn ni àwa yóò máa pè é, nítorí pé àwìn ni à ń fi í rà: báńkì ni ó san owó fún ọlọ́jà lójú ẹsẹ̀, àwa ni a ó sì san án padà fún báńkì. Ẹ má ṣe kà á mọ́ káàdì tí à ń fi gba owó ara wa nínú báńkì. Èyíinì kò ní gbèsè nínú.

Kí a tó dá arábìnrin wa lóhùn, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Láàrin àwọn baba wa, bí ẹnìkan bá jẹ gbèsè tí kò san, ẹni tí ó yá a lówó lè rán ológò sí i. Ológò yóò wọ ilé onígbèsè, yóò jókòó tì í, yóò máa kígbe, yóò máa bú u, yóò sì máa pa adìẹ agbo ilé jẹ, títí ara yóò fi ni onígbèsè, tí yóò sì wá owó náà rí. Ẹni tí ó bá sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà náà ń ṣe lóko olówó ni èlé orí owó. Bí ó ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, kò dín ẹyọ owó kan kù nínú iye tí a yá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá san owó náà pé ni ìwọ̀fà gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, tí ó sì kọjá sí ilé baba rẹ̀. A kò gbọ́ ọ rí pé ìwọ̀fà kan san owó tán, kí ó tún wí fún olówó pé, “Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa jẹ́ ìwọ̀fà yín lórúkọ, bóyá n óò tún fẹ́ yá owó lẹ́yìn ọ̀la.”

Èrò yìí ni ó wà lọ́kàn arábìnrin wa nígbà tí ó mú àlùmọ́gàjí, èrò ọmọlúwàbí sì ni. Ṣùgbọ́n káàdì àwìn àti ìwọ̀fà kì í ṣe ohun kan náà. Gbèsè ni ìwọ̀fà dúró fún. Àyè láti jẹ gbèsè ni káàdì. Bí gbèsè bá tán, àyè náà ṣì wà níbẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí a kò tì, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi agbára mú wa gbà wọlé. Orí owó tí a bá ná ni èlé máa ń wà, kò sí lórí àyè tí a kò lò.

Báwo ni irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe di ohun tí a fi ń wọn ènìyàn? Ní oṣù September, ọdún 1958, Bank of America fi káàdì tí ó tó 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní ìpínlẹ̀ California, wọn kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ènìyàn jí láàárọ̀, ó bá àwìn nínú àpótí lẹ́tà. Káàdì yìí ni ó di Visa ní ọdún 1976. Nígbà tí ó di ọdún 1970, ìjọba fi òfin dá àṣà fífi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò bèèrè dúró, òfin mìíràn sì jáde ní ọdún kan náà lórí bí a ó ti máa kọ ìtàn gbèsè àwọn ènìyàn sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: títí di ọdún 1974 ó ṣòro púpọ̀ fún obìnrin tí ó wà nílé ọkọ láti gba káàdì ní orúkọ ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òfin ọdún náà ni ó kà á léèwọ̀ fún ayánilówó láti fi jíjẹ́ obìnrin tàbí wíwà nílé ọkọ du ènìyàn ní àwìn. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá ní káàdì àtijọ́ tí ó jẹ́ ti orúkọ rẹ̀ nìkan, kí ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jù ú nù, àgàgà bí gbogbo ìyókù bá jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ tí a kàn kọ orúkọ tirẹ̀ mọ́.

Lónìí, ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni ó jẹ́ akọ̀wé gbèsè fún gbogbo ilẹ̀ náà: Equifax, Experian àti TransUnion. Ilé iṣẹ́ tí à ń pè ní FICO sì ni ó gbé ìṣirò kan jáde ní ọdún 1989, tí ó ń sọ ohun tí àwọn akọ̀wé wọ̀nyí kọ di máàkì, láti 300 dé 850. Àwọn àgbà wa ti wí pé ẹni tí ó yá egbèje tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèfà. Máàkì yìí kò jìnnà sí òwe náà, bí kò ṣe pé wọ́n ti sọ igi tí a bẹ́ dínà di òǹkà.

Bí a bá pín máàkì FICO sí ọ̀nà 100, 35 wà fún sísan gbèsè lásìkò, 30 wà fún iye tí a jẹ, 15 wà fún bí ọjọ́ àwìn wa ti pẹ́ tó. 20 tí ó kù ni a pín dọ́gba láàrin àwìn tuntun tí a ń tọrọ àti oríṣiríṣi àwìn tí a ní. Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa níbí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣìnà sí, títí kan ọmọ arábìnrin wa tí ó kàwé.

Ti àkọ́kọ́, sísan lásìkò: títi káàdì pa kò fi ohunkóhun kún un, kò sì mú ohunkóhun kúrò. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti káàdì tí àwọn san pẹ́ lórí rẹ̀ pa, ìtàn búburú náà yóò bá a lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí a san pẹ́ yóò wà nínú ìwé fún ọdún méje, bóyá káàdì wà ní ṣíṣí tàbí ó wà ní títì.

Ti ọjọ́ àwìn: èyí ni ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ jù, tí òótọ́ rẹ̀ sì kéré. Wọ́n ń wí káàkiri pé ní ọjọ́ tí a bá ti káàdì àtijọ́ pa, gbogbo ọdún rẹ̀ a parẹ́. Ṣùgbọ́n káàdì tí a san dáadáa tí a sì tì pa lè wà nínú ìwé akọ̀wé gbèsè títí di ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn títì rẹ̀, ìṣirò FICO a sì máa ka ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́ tiwa ní gbogbo ìgbà náà. Lóòótọ́, ìṣirò FICO nìkan kọ́ ni ó wà, àwọn mìíràn sì lè ṣàì ka káàdì tí a ti tì. Lóòótọ́ pẹ̀lú, nígbà tí ọdún mẹ́wàá bá pé, káàdì náà yóò jáde kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì yòókù yóò ti fi ọdún mẹ́wàá dàgbà sí i kí ọjọ́ náà tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le gan-an ni iye tí a jẹ. Àwọn olùṣírò kò wo iye gbèsè nìkan. Wọ́n ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwìn tí a fi àyè gbà wá láti jẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi káàdì arábìnrin wa ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́, tí ó gbà ní ọdún 2009, fi àyè 3,000 dọ́là sílẹ̀ fún un, èkejì, 7,000, ẹ̀kẹta, 5,000, ẹ̀kẹrin, 5,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20,000. Ẹ̀kẹrin ni ó fi ń ra oúnjẹ àti epo ọkọ̀, ó sì ń ná tó 2,000 dọ́là lórí rẹ̀ lóṣù, tí ó ń san án tán nígbà tí ìwé ìṣirò bá dé. Nígbà tí káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ṣíṣí, 2,000 nínú 20,000 ni ó lò, èyí tí í ṣe 10 nínú 100. Bí ó bá ti mẹ́ta pa, 2,000 kan náà di 2,000 nínú 5,000, èyí tí í ṣe 40 nínú 100. Kò fi dọ́là kan kún gbèsè rẹ̀, síbẹ̀ lójú olùṣírò, ó dàbí ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti ń wọ inú omi. Òótọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé bí ẹnìkan kò bá jẹ ohunkóhun lórí káàdì kankan nígbà tí báńkì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀wé, títi ọ̀kan pa kò ní yí ìṣirò yìí padà: òfo nínú 20,000 òfo ni, òfo nínú 5,000 òfo náà ni. Àti pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìṣirò tí wọ́n ń lò, ti oṣù yìí nìkan ni a ń kà. Bí iye tí a jẹ bá dínkù lóṣù tí ń bọ̀, máàkì yóò gòkè padà. Ọgbẹ́ tí ó máa ń jinná ni.

Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí yóò jinná lọ́dún tí ń bọ̀ lè pa ènìyàn lára lónìí, bí ó bá jẹ́ pé lónìí ni ó ń lọ bèèrè owó ilé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ẹni tí ó yá 300,000 dọ́là láti ra ilé fún ọgbọ̀n ọdún, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 6.5 nínú 100, yóò máa san bíi 1,896 dọ́là lóṣù. Bí máàkì rẹ̀ bá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bu èlé 7 lé e, yóò máa san bíi 1,996. Ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣooṣù fún ọgbọ̀n ọdún jẹ́ 36,000 dọ́là, owó tí ó tó rán ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga níbòmíràn. Ìdí nìyí tí àwa fi ń wí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yá owó ilé tàbí owó ọkọ̀ láàrin ọdún kan pé kí ó má ṣe ti káàdì kankan pa ṣáájú, bí inú ti wù kí ó bí i tó. Kí ó gba ilé náà ná.

Àwa kò fara mọ́ àwọn tí ń wí pé kí ènìyàn má ṣe ti káàdì pa láéláé. Irú wọn pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ni nípa owó, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nítorí máàkì ni Ọlọ́run ṣe dá ènìyàn. Máàkì yìí kò ka owó oṣù wa, kò ka owó tí a fi pamọ́, kò sì mọ̀ bóyá a ń tọ́jú ìyá wa. Àgbàlagbà tí kò jẹ gbèsè rí láyé rẹ̀, tí ó fi owó ọwọ́ ra gbogbo ohun tí ó ní, lè ṣàì ní máàkì kankan rárá! Ẹni tí kò bá ní ìdí láti yá owó fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin sí i, kí ni yóò fi máàkì tí ó fi díẹ̀ ga jù ṣe? Kò ṣe é fi se ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí kì í sí nínú ìwé àwọn olùkọ́ni wọ̀nyí, tí àwa ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú òkèèrè sì mọ̀. Ènìyàn wà ní Houston tàbí ní Baltimore, ó jẹ́ aago mẹ́ta òru, tẹlifóònù dún láti ilé. Bàbá wà ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà ń dúró de owó. Tàbí kí ó jẹ́ òkú àgbà ni, ẹbí ti mú aṣọ, wọ́n sì ti kọ iye tí ó kan ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Ẹni tí àpò rẹ̀ ṣófo lè wí pé, “Mo gbọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí mo lè ṣe.” Ẹni tí ó ní àyè 20,000 dọ́là nínú àpò kò lè wí bẹ́ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má dá a lẹ́bi. Yóò gba owó náà lórí káàdì. Bí ó bá jẹ́ ti ilé ìwòsàn, ta ni yóò bá a wí? A ti rí ẹni tí káàdì tí kò tì pa gba ẹ̀mí ìyá rẹ̀ là. Bí ó bá sì jẹ́ ti aṣọ àti màlúù, a ti rí ẹni tí ó san gbèsè káàdì tán lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó sì tún jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà á níyànjú pé kí ó fi káàdì sílẹ̀ nítorí máàkì. Bí èlé bá jẹ́ 22 nínú 100, 5,000 dọ́là tí a kò dín kù yóò bí èlé tí ó lé ní 1,100 dọ́là láàrin ọdún kan. Máàkì wo ni yóò dá èyí padà fún un? Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá mọ ara rẹ̀, kí ó ti káàdì pa, kí máàkì sì máa lọ sí ibi tí ó fẹ́.

Àwọn mìíràn tún wà tí ó yẹ kí wọ́n tì í. Ẹni tí báńkì ń gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ rẹ̀ lórí káàdì tí kò lò wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kí òun kọ́kọ́ bèèrè bóyá báńkì náà lè pààrọ̀ rẹ̀ sí irú èyí tí kò ní owó ọdọọdún, nítorí pé nígbà púpọ̀ ìtàn káàdì náà yóò máa bá a lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó yí padà. Ẹni tí òun àti aya rẹ̀, tàbí òun àti ọkọ rẹ̀, jọ gba káàdì kan tí ìgbéyàwó sì túká wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Adájọ́ lè pàṣẹ pé ọkọ ni kí ó san gbèsè náà, ṣùgbọ́n àṣẹ yẹn kò di báńkì lọ́wọ́. Bí ọkọ kò bá san, ẹ̀yìn aya ni wọ́n yóò wá. Ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí á tètè tì.

Bí ènìyàn bá sì fẹ́ tì í, ó ní bí a ti ń ṣe é. Àwa náà fi ojú ara wa rí ohun tí à ń wí yìí. Ní ọdún 2011, a san gbèsè tí ó lé ní 6,000 dọ́là tán lórí káàdì kan. A tẹ báńkì náà láago ní ọjọ́ kan náà pé kí wọ́n tì í pa, a sì dúpẹ́. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ẹni tí ó ti ń gbé gbèsè láti oṣù dé oṣù, ojoojúmọ́ ni èlé ń gun orí owó rẹ̀. Iye tí ó wà nínú ìwé ìṣirò jẹ́ ti ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà, kì í ṣe ti ọjọ́ tí a san án. Èlé àárín ọjọ́ méjèèjì jẹ́ 11 dọ́là. Wọ́n fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé tí a ti kó kúrò. Nítorí pé káàdì ti tì, a kò tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Owó ìtanràn gun 11 dọ́là náà, ó kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, báńkì sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀wé gbèsè pé a kò san owó lásìkò. Gbèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tí a fi òógùn ojú san, dọ́là 11 ni ó kọ àbàwọ́n sí ìdí rẹ̀. Ọdún méje ni àbàwọ́n náà sì fi wà níbẹ̀. A kò dá báńkì náà lẹ́bi tán, nítorí òfin ara wọn ni wọ́n tẹ̀lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ tẹlifóònù sétí ìbá ti sọ fún wa.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá san gbèsè káàdì tán, kí ó dúró de ìwé ìṣirò kan sí i, àní méjì, títí yóò fi rí òfo lórí rẹ̀. Bí káàdì náà bá ní èrè tí a ń kó jọ, kí ó ná an kí ó tó tì í, nítorí ó lè bá káàdì lọ. Bí ó bá ní owó iná tàbí owó tẹlifóònù tí ń gba orí káàdì náà lọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó gbé e sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà kí ó pe báńkì, kí ó sì bèèrè ìwé tí ó jẹ́rìí pé a ti tì í àti pé ẹni tí ó ni ín ni ó ní kí a tì í. Wọn kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ti káàdì. Òfin ilẹ̀ náà kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, kí ó wo ìwé àwọn akọ̀wé gbèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí yóò máa wà títí pé ènìyàn lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí ó má sì rò pé àlùmọ́gàjí ti ṣe iṣẹ́ náà. Ike ni ó gé. Ìwé káàdì wà ní báńkì bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni àlùmọ́gàjí ti wúlò lọ́nà tí arábìnrin wa kò rò: ẹni tí ó fẹ́ kí àyè náà wà nítorí máàkì, tí ó sì ń bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀, lè gé ike náà láì ti ìwé pa, bí ó bá lè pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú tẹlifóònù pẹ̀lú, níbi tí ó ti fi í pamọ́ fún ọjà rírà.

Ní ti ẹni tí ó fi káàdì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò pọ̀. Kí ó fi ra ohun kékeré lẹ́ẹ̀kan láàrin oṣù díẹ̀, kí ó sì san án tán, nítorí pé báńkì lè ti káàdì tí kò ṣiṣẹ́ pa láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kò lè bu owó ìtanràn lé e nítorí àìlò, títì nìkan ni wọ́n lè tì í. Kí ó máa wo ìwé ìṣirò rẹ̀, nítorí àwọn olè fẹ́ràn káàdì tí ẹni tí ó ni ín ti gbàgbé. Bí olè bá fi í rajà, òfin kò jẹ́ kí ohun tí yóò kan ẹni tí ó ni káàdì ju 50 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wo ìwé kò ní mọ̀ pé olè wọlé.

Ohun tí arábìnrin wa ṣe nìyí. Ó ń wá ilé rà láàrin ọdún náà, nítorí náà kò ti ọ̀kankan pa. Ẹ̀kẹta ń gba 95 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó pe báńkì, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí kò ní owó ọdọọdún. Ti ọdún 2009, ó fi í sílẹ̀, ó sì ń fi í ra epo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Èkejì, tí ó ní àyè 7,000, òun ni ó fi ṣe ìnáwó òkú tí ó kó o sínú gbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní bí òun bá rí i nínú àpò, ara òun a máa bù máṣọ. Ó fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó tọ́jú rẹ̀. Lóṣù kẹjọ lẹ́yìn náà ni ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ó pe báńkì, ó ti káàdì 7,000 náà pa, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àyè tí ó kù fún un jẹ́ 13,000, iye tí ó ń lò nínú rẹ̀ sì di bíi 15 nínú 100. Máàkì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ó ní òun kò tilẹ̀ wò ó, ọmọ òun ni ó sọ fún òun.

Ọmọ náà ni ó sì lọ gbé àlùmọ́gàjí wá.